Àmì Kọ́kọ́rọ́ Lára Kàlẹ́ńdà Àlájà Wadha

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 8, Oṣù Kẹrin 2025

Ọgọ́rin jamid lónìí. Èmi nìkan. Kò sí ọ̀kan tó sán nínú wọn.

Màá kọ ọ́ síbí nítorí pé kò sẹ́ni tó máa bá mi kọ ọ́: láti abúlé yìí títí dé Karak, kò sí ọwọ́ tó ń mọ jamid, ìṣù wàrà gbígbẹ, bí ọwọ́ èmi Nuwar. Wàrà àgùntàn pọ̀ lọ́dún yìí. A sè é, a rọ ọ́ sínú àpò aṣọ funfun, a gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ fi ro tán, a po iyọ̀ mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ — kí èèyàn mọ ọ́n róbótó, kó dán, kó tó gbé e lọ sórí òrùlé kí oòrùn gbẹ ẹ́. Àwọn yòókù ń mọ tiwọn bí ọmọdé tó ń fi ẹrẹ̀ ṣeré.

Ọ̀gágun gbé ọ̀kan nínú tèmi, wọ́n yí i po, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ọ̀gágun ni Àlájà Wadha, tó ni gbọ̀ngán tí àwa obìnrin mẹ́sàn-án ti ń ṣiṣẹ́. Bí Ọ̀gágun ò bá ti sọ nǹkan kan, oríyìn nìyẹn.

Ẹ̀yìn ti ń ro mí láti ìgbà ìrun Àìlà. Àlejò ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 10

Àlejò dé. Ó kó ẹrù rẹ̀ dání lọ́tẹ̀ yìí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12

Òfin gbọ̀ngán: obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wàrà, kí wàrà má baà bàjẹ́. Nítorí náà mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo mú ọ̀pá dání, mò ń lé ẹyẹ. Èmi, Nuwar.

Ọ̀gágun ò mọ̀wé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ló ní àmì tirẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan ò bá fọwọ́ kan wàrà, wọ́n á fa igi tìróò wọn yọ, wọ́n á ya àmì ẹni náà sójú ọjọ́ yẹn lára kàlẹ́ńdà ògiri. Tí olúwarẹ̀ ò bá tilẹ̀ lè dìde nílé, wọ́n á fa ìlà kọjá lórí àmì náà. Kọ́kọ́rọ́ ni tèmi, nítorí pé lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ Ọ̀gágun àti ìkòkò wàrà tó ń hó. Wọn ò gbàgbé.

Àwọn obìnrin ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Nuwar, kọ́kọ́rọ́ rẹ ti yọ o, ta la fẹ́ tì mọ́lé lónìí?" Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra kàlẹ́ńdà yẹn ju bí mo ṣe kórìíra ìrora náà lọ.

Fidda, ọmọ Ọ̀gágun, gbé tíì wá, ó gbé e kalẹ̀, ó padà lọ dùbúlẹ̀. Ẹni ogójì ọdún. Ọkọ dá a padà sílé nítorí pé kò bímọ, ó wá sọ oorun ọ̀sán diṣẹ́. Ọ̀lẹ. Èmi tí inú ń run, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gun òrùlé lónìí.

Àìkú, ọjọ́ 13

Mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn òrùlé. Ojú mi ṣókùnkùn ṣàdédé, ó wá dà bíi pé ẹnì kan ń fún inú mi bí aṣọ tó rin. Jamid mọ́kànlá fọ́. Mo sunkún jamid náà. Mi ò sunkún ara mi.

Màmá se ewé maramiya. "Mu ún gbígbóná." Maramiya tí mo ti mu láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí wọ́n bá dà á sílẹ̀ níbí, á ṣàn dé Òkun Iyọ̀.

Ajé, ọjọ́ 14

Ilé ìtọ́jú abúlé. Èmi àti Màmá.

Dókítà ibẹ̀, mo ti sọ ọ́ ní Ọkọ-Loògùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó sọ ọ́ lójú mi. "Ìyá Nuwar, ọmọ ọdún mélòó ni? Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n? Ẹ fún un lọ́kọ. Ọmọ kan péré, ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ á fò lọ." Màmá ń mi orí pé tí Ọlọ́run bá fẹ́.

Mo ní, "Dókítà, báwo ni mo ṣe máa lò ó? Ọkọ kan láàárọ̀, ọkọ kan lálẹ́? Ṣé kí n ti jẹun ná?"

Nọ́ọ̀sì Inaam fi ìbòrí bo ẹnu, ó ń wúkọ́. Màmá já mi léèékánná nítan. Oògùn ara ríro ni wọ́n fún mi, èyí tí wọ́n máa ń fún gbogbo ayé.

Nọ́ọ̀sì Inaam tẹ̀ lé mi débi kàǹga omi níta. Ó ní obìnrin kan wà lólú ìlú ní Amman, Dókítà Rima, pé àwọn tí nǹkan oṣù ń pa bí èyí nìkan ló ń tọ́jú. Pé àìsàn náà ní orúkọ. Pé kì í ṣe àfọwọ́fà. Àmọ́ láìsí ìwé ìdarí láti ọ̀dọ̀ dókítà abúlé, kó ní òǹtẹ̀ lára, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́hùn-ún. Ó ní, "Padà wá. Má bèèrè oògùn mọ́. Ìwé ni kó o bèèrè."

Ó ní orúkọ. Ọdún márùndínlógún, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 16

Mo bèèrè ìwé.

Ọkọ-Loògùn ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ṣí fáìlì mi, ó yí i sí mi kí n fojú ara mi rí i. Ìgbà mọ́kànlá ni mo ti wá síbẹ̀, ohun kan náà ló sì wà níbi gbogbo: ọgbẹ́ inú, ọgbẹ́ inú, ọgbẹ́ inú. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ẹ̀jẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti kọ ilé ọmọ. Ó ní, "Kí ni kí n kọ sí Amman? Pé ọgbẹ́ inú ń yọ ọ́ lẹ́nu lóṣooṣù? Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín." Ó ní kí n lọ máa kọ ọjọ́ tí inú bá run mí sílẹ̀, kí n mú ti oṣù mẹ́fà wá.

Oṣù mẹ́fà. Òótọ́ ló sì sọ, ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Nígbà tí a dé ìdí igi ólífì, Màmá dúró. Wọ́n wá ní, "Èmi ni." Samiha, ìyàwó àbúrò bàbá mi, ló ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tó bá bèèrè pé kí ló ń ṣe mí, Màmá á ní, "Inú ni." Samiha á kọ ọgbẹ́ inú. Kí ọ̀rọ̀ má baà di pé ilé ọmọ Nuwar ò dáa, kí ẹni tó fẹ́ wá tọrọ mi má baà gbọ́. Wọ́n ní, "Mò ń dáàbò bò ọ́ ni."

Mo ní, "Ẹ dáàbò bò mí débi tí mo fẹ́ kú."

Kò yẹ kí n sọ ọ́. Wọn ò jẹun alẹ́.

Jímọ̀, ọjọ́ 18

Èmi àti Màmá ò bára wa sọ̀rọ̀. Mo jí, mo bá aṣọ mi tí wọ́n ti lọ̀.

Ajé, ọjọ́ 21

Mò ń dúró kí wàrà tutù, ojú mi bọ́ sára ògiri. Kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fa ìlà lé lórí. Mo ka ti oṣù yìí nìkan: mẹ́wàá, mẹ́rin nínú wọn nílà.

Mò ń wá ẹni tó kọ ọjọ́ mi sílẹ̀. Ọlọ́run mi. Ọ̀tá mi ti ń bá mi kọ ọ́.

Mo fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ibo ni àwọn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ń lọ? Wọ́n ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ọ̀gágun, pé Ọ̀gágun kì í da nǹkan nù, wọn ò tíì da eyín wọn tó ká nù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 22

Mo bèèrè. Mo fẹ́ kó kàlẹ́ńdà náà lọ bá dókítà. Ọ̀gágun ní, "Ohun tó wà lára ògiri mi kì í ṣe fún ojú ọkùnrin." Ó parí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24

Mo tún bèèrè. Èmi tí kì í bẹ ẹ̀dá. Lójú gbogbo gbọ̀ngán, pẹ̀lú wàrà dé ìgbọ̀nwọ́, mo ní, "Àlájà, ó pé ọdún mẹ́fà tí ẹ ti ń ya ìtìjú mi sára ògiri. Ẹ jẹ́ kó wúlò fún mi lọ́jọ́ kan."

Gbogbo ọwọ́ dúró. Ọ̀gágun wò mí títí. "Ìtìjú? Ta ló sọ fún ọ pé ìtìjú ni?" Wọ́n wọlé, wọ́n pa ìlẹ̀kùn dé.

Fidda wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fara ti ògiri. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó dà bíi pé mo ti pàdánù iṣẹ́ mi pẹ̀lú ìwé náà.

Àìkú, ọjọ́ 27

Mo fẹ́ kọ èyí dáadáa, kí n lè máa kà á nígbà tí mo bá darúgbó.

Màmá ló ní ká lọ. Wọ́n ní, "Màá sọ fún un pé irọ́ ni mo pa." A jókòó síwájú Ọkọ-Loògùn, Màmá sọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe àkọsílẹ̀. A gbọ́ ariwo níta. Samiha ni: "Àlájà, ẹ gba nọ́ńbà, èèyàn wà níwájú yín!" Ohùn kejì sì dáhùn pé, "Nọ́ńbà kí ni? Mo dàgbà ju ilé yìí lọ."

Ọ̀gágun wọlé. Ọkọ̀ tó ń gbé wàrà ni wọ́n bá wá. Wọ́n di kàlẹ́ńdà sínú àpò jamid, gbogbo yàrá sì ń rùn bíi wàrà kíkan. Wọ́n tú u sórí tábìlì dókítà, wọ́n fi òǹtẹ̀ dókítà fúnra rẹ̀ tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ká. Mẹ́wàá ni. Láti ọdún 2016 tí gbọ̀ngán ti bẹ̀rẹ̀, títí kan ti ọdún yìí tí wọ́n já lára ògiri.

Wọ́n ní, "Dókítà, o ní kí wọ́n mú ìwé wá. Èmi ò mọ̀wé. Àmọ́ nínú àwọn ọmọ mi, mo mọ èyí tó lè dúró àti èyí tí kò lè dúró. Nuwar ni kọ́kọ́rọ́. Èyí tó nílà lórí, kò lè dìde lọ́jọ́ náà. Ó yá, kà á."

Ọkọ-Loògùn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó mú gègé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Oṣù kẹrin ọdún 2019, mẹ́ta. Ọdún 2021, márùn-ún. Ọdún 2022, mẹ́fà, ọ̀kan nílà. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. Ọdún tó kọjá, mẹ́sàn-án. Ti ọdún yìí, mẹ́wàá. Oṣù mẹ́rin ìgbà wàrà lọ́dọọdún, ọdún méje, kò síbi tí Ọ̀gágun fò.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí bi mí ní ìbéèrè. Ṣé ó máa ń dùn mí tí mo bá fẹ́ yàgbẹ́? Ṣé ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀? Ṣé ó máa ń ro mí kí ẹ̀jẹ̀ tó dé? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo dáhùn tẹnutẹnu. Ó yẹ kí ojú tì mí, ojú ò tì mí. Màmá ń gbọ́ àwọn kan nínú rẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì.

Ó kọ ọ́. Ojú ìwé kan gbáko. Kó tó lu òǹtẹ̀, ó ṣí fáìlì mi, ó fa ìlà pa ọgbẹ́ inú mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ó ní, "Ìyá Nuwar, ó yẹ kí n ti béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ọmọ yín tipẹ́." Ó tọ́ kí n kọ ọ́ pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n kó kàlẹ́ńdà náà dání lọ sí Amman.

Bí a ṣe ń jáde, Ọ̀gágun dúró níwájú Samiha: "Mo ti gba nọ́ńbà mi."

Nínú ọkọ̀ wàrà, wọ́n nàka sí mi. "Tó o bá tún pe àmì mi ní ìtìjú, màá lé ọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí a ò bá lè dìde, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni wá, wọ́n á nà wá. Mo ní nínú gbọ̀ngán tèmi, ẹni tí kò bá wá, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó nídìí." Mo fi ẹnu kan ọwọ́ wọn, mo sì fi kan iwájú orí mi. Mi ò ṣe é fún ẹlòmíràn rí.

Ọ̀gágun mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 7, Oṣù Karùn-ún

Àlejò dé. Mo wò ó bí ẹni tó ti gbàwé ilé ẹjọ́ sọ́wọ́.

Ajé, ọjọ́ 12

Amman. A wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà àárọ̀. Màmá gbé búrẹ́dì, ólífì àti jamid mẹ́ta tó dára jù nínú tèmi dání fún dókítà. Mo ní a kì í gbé jamid lọ fún dókítà. Wọ́n ní kí n dákẹ́.

Dókítà Rima kéré, ohùn rẹ̀ ò kéré. Ó gba jamid náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ti Karak nìyí, ta ló mọ ọ́n? Màmá ní, "Òun náà ni." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ dùn mọ́ mi nínú ju ohun tí mo lè kọ.

Ó fi ẹ̀rọ wo inú mi láti orí ikùn. Ó yí ojú ẹ̀rọ sí mi. Àpò ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ wà lára ilé ẹyin apá òsì, ó tó ẹyin adìẹ. Orúkọ àìsàn náà ni endometiriósísì. Mo ní kó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, mò ń pè é tẹ̀ lé e. Irú awọ tó wà nínú ilé ọmọ ló ń hù síbi tí kò yẹ, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ náà ò rọ́nà jáde. Màmá béèrè nípa ọkọ. Dókítà ní, "Ìyá wa, ìgbéyàwó kì í wò ó. Ọmọ bíbí kì í wò ó. Ẹ fún un lọ́kọ nígbà tó bá fẹ́ ọkọ."

Iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà. Ẹ̀rù ń bà mí. Inú mi sì ń dùn. Méjèèjì ń jà.

A ti fẹ́ dìde. Ó ṣì ń ṣí àwọn kàlẹ́ńdà náà, ó ti padà sí ọdún 2016, sí 2017, sí 2018, àwọn ọdún tí mi ò tíì dé gbọ̀ngán. Ó fi ìka sórí àmì kan. Ewé. Ewé kékeré, ewé, ewé, gbogbo wọn nílà. Ó pọ̀ ju tèmi lọ. Lẹ́yìn 2018, kò sí ewé mọ́.

Ó ní, "Ta nìyí? Ṣé ó ti rí dókítà?"

Mi ò mọ̀. Mo ní màá béèrè.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 13

Mo béèrè. Ọ̀gágun ń po iyọ̀, ọwọ́ wọn ò dúró.

"Fidda ni. Maramiya ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, mo bá ya ewé fún un. Nígbà tó yá, ojoojúmọ́ ló ń nílà. Mo ní kí ni mo tún ń kọ sí."

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ. Wọn ò lè béèrè fún ọmọ wọn. Wọ́n kàn tú u sórí tábìlì, bóyá ẹnì kan á rí i.

Mo ti kọ ọ̀lẹ sínú ìwé yìí. Mi ò ní pa á rẹ́, kí n máa rí i. Mo gbé tíì lọ bá Fidda ní yàrá, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sọ orúkọ àìsàn náà fún un. Ó ní kí n tún un pè. Ó ń pè é tẹ̀ lé mi.

Àìkú, ọjọ́ 18

Àwa mẹ́rin la lọ sí ilé ìtọ́jú abúlé, kí Fidda náà lè gba ìwé ìdarí. Fidda ń rìn díẹ̀díẹ̀, Ọ̀gágun di apá kan mú, mo di apá kejì mú, Màmá wà lẹ́yìn. Iyàrá ìdúró kún fọ́fọ́. Gbogbo abúlé ni, àti àwọn ará abúlé kejì.

Samiha mú gègé. "Orúkọ?" Ọ̀gágun sọ ọ́. "Kí ló ń ṣe é?"

Ọ̀gágun la ẹnu. Obìnrin tó lé dókítà mú nínú yàrá rẹ̀. Wọ́n wo àwọn ọkùnrin tó jókòó, wọ́n wo ọmọ wọn. Wọ́n ní, "Inú—"

Wọ́n dúró. Wọ́n tún ní, "Inú ni ó ń—"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá mi ti kọjá lára mi. Màmá mi, tó sọ "inú ni" níbẹ̀ yẹn gan-an lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì Samiha, wọn ò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá.

"Samiha, ilé ọmọ ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ọmọ ló ń dùn ún, ó ti tó ọdún mẹ́wàá. Tó o bá kọ ọ́ tán, mú fáìlì ọmọ tèmi wá, kó o kọ ọ́ síbẹ̀ náà."

Fidda gbé orí sókè.

Samiha kọ ọ́.